Kíbọ́ọ̀dù Tí Ò Gbọ́ Ohùn

Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí bàbá àgbà wa ní Joga-Orile, èmi ni ẹbí ní kí n tẹ ìwé ètò ìsìn. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo lọ kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Màmá àgbà jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ki bàbá, èmi náà gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, mò ń tẹ ohun tí wọ́n ń sọ. Akọ̀pẹ ni bàbá àgbà nígbà ayé wọn. Orí ọ̀pẹ ni owó ilé ìwé bàbá mi ti wá. Ìdí nìyẹn tí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ fi wà nínú oríkì wọn: ọmọ onígbà.

Mo tẹ "omo onigba". Mo ní tí mo bá parí, màá padà wá fi àmì sí gbogbo ẹ̀. Kí n tó parí, iná ti lọ, bátìrì ti fẹ́ kú, ẹni tó máa tẹ ìwé náà jáde sì ń pè mí léraléra láti Ìlaròó. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ìrántí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ síwájú, ó ka oríkì náà ketekete: "ọmọ onígbá". Ìjọ ń mi orí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Màmá àgbà nìkan ló yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ta ló ta igbá nílé yìí rí?"

Mi ò lè dá ọmọ náà lẹ́bi. Ohun tí mo kọ ló kà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo kíbọ́ọ̀dù bí lámèyítọ́ ṣe ń wo ìwé: kí ni ẹni tó ṣe é ní lọ́kàn, ta ló ṣe é fún, kí ló gbàgbé? Àwa tá à ń kọ kóòdù, a fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù. A máa ń jiyàn lórí súwíìṣì bí àwọn míì ṣe ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Àwọn èrò àrà ọ̀tọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ pọ̀, òmíràn á sì yà yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń dáhùn, kì í sì í ṣe ìbéèrè tiwa.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó wà ní ọ́fíìsì àti lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, rọ́bà ló wà lábẹ́ bọ́tìnì ẹ̀, bí ife kékeré tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Lábẹ́ rọ́bà yẹn, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló tẹ́ lé ara wọn, wọ́n sì ya ọ̀nà iná sára wọn. Tí o bá tẹ bọ́tìnì, rọ́bà á wọlé, ọ̀rá méjèèjì á fara kanra, iná á kọjá. Ní 1985, IBM gbé Model M jáde. Súpíríǹgì inú ẹ̀ máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, á dún "ká", ìka á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé. Ilé iṣẹ́ Cherry ti Jámánì ṣe súwíìṣì MX, tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ìrìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, ní nǹkan bíi mìlímítà 2 ló sì ti máa ń gbà pé o ti tẹ òun.

Àwọn kan tiẹ̀ mú irin tó ń fara kanra kúrò pátápátá, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: bọ́tìnì á dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, kíbọ́ọ̀dù á mọ̀. Àwọn míì lo òòfà. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ní 1879 pé òòfà máa ń ti iná tó ń kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ń lò nínú súwíìṣì olóòfà òde òní láti mọ bí bọ́tìnì ṣe wọlé tó, láìjẹ́ pé nǹkan kan fara kan nǹkan kan.

Mo kan sáárá sí wọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀: ó yára, kì í tètè bàjẹ́, ẹni tó ń gbá géèmù lè yìnbọn kí ọ̀tá ẹ̀ tó ṣẹ́jú. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ìka ni pé: ṣé o tẹ̀ ẹ́, àbí o ò tẹ̀ ẹ́? Fún ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ti tó. Ní ti Yorùbá, ìbéèrè kejì wà ńlẹ̀: ohùn wo lo fi tẹ̀ ẹ́? Igba, igbá, ìgbà, igbà. Bọ́tìnì mẹ́rin kan náà ni ìka mi tẹ̀ fún gbogbo wọn. Ọ̀kan jẹ́ iye, èkejì jẹ́ ohun èlò ìdáná, ẹ̀kẹta jẹ́ àkókò, ẹ̀kẹrin ló gbé bàbá àgbà mi gun ọ̀pẹ.

Ẹjọ́ náà ò parí sórí súwíìṣì ṣá. Wáyà ní tiẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù tó ní bọ́tìnì 104 kì í ní wáyà 104. Ńṣe ni wọ́n to bọ́tìnì sí ìlà ìbú àti ìlà òró, bí ilé tí wọ́n tò sí àdúgbò, ibi tí ìlà méjì bá ti pàdé ni bọ́tìnì kan wà. Kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú kíbọ́ọ̀dù á máa yẹ ìlà wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọgbọ́n náà dín wáyà kù gan-an, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Tí o bá tẹ bọ́tìnì mẹ́ta papọ̀ tí wọ́n jẹ́ igun mẹ́ta lára ìgun mẹ́rin, iná á gba ẹ̀yìn yọ, kíbọ́ọ̀dù á rò pé o tẹ ìkẹrin náà. Iwin ni wọ́n ń pe lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ yẹn. Kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá máa ń fi dáyóòdù, ohun kékeré kan tí kì í jẹ́ kí iná padà sẹ́yìn, sí abẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí owó ẹ̀ mọ níwọ̀n ò ní in, ó kàn máa ń kọ etí ikún sí bọ́tìnì kẹta ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ohun tó tún yẹ ká mọ̀ ni pé lẹ́tà kọ́ ni wáyà USB ń gbé lọ. Nọ́ńbà ni. Bọ́tìnì A, nọ́ńbà 4. B, nọ́ńbà 5. Q, nọ́ńbà 20. Kọ̀ǹpútà ló máa wo àkójọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, táá sì pinnu lẹ́tà tí nọ́ńbà náà máa jẹ́. Àwa ará ẹnubodè tètè máa ń rí èyí. Tí ẹ bá sọdá sí Benin, kíbọ́ọ̀dù àwọn Faransé ni wọ́n ń lò. Ibi tí Q wà lórí tiwa, A ló wà níbẹ̀ lórí tiwọn. Nọ́ńbà 20 náà ni wáyà ń gbé, àkójọ ló yàtọ̀. Àwọn ìbátan wa ní Kétu àti Sakété tún ní ìlànà ìkọ̀wé tiwọn: ɛ ni wọ́n ń kọ níbi tí a ti ń kọ ẹ, ɔ níbi tí a ti ń kọ ọ, sh níbi tí a ti ń kọ ṣ, kp níbi tí a ti ń kọ p. Àwa àti àwọn gbọ́ ara wa tí a bá pàdé lọ́jà. Orí ìwé la ti di àjèjì síra wa.

Nítorí náà, mi ò gbà fún àwọn tó ń sọ pé òyìnbó ò ṣe kíbọ́ọ̀dù fún Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Nọ́ńbà nìkan ló gbọ́. Ẹni tó bá kọ àkójọ ló ń fi èdè sí i lẹ́nu, àwọn ọmọ Yorùbá kan sì ti gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ ká wo Konyin, tí ilé iṣẹ́ Lagos Analysis Corporation, tí wọ́n ń pè ní Lancor, ṣe fún àwọn èdè Nàìjíríà. Kíbọ́ọ̀dù tó ṣeé dì mú ni, ó sì ní Shift mẹ́rin dípò méjì tí a mọ̀, kí àyè lè gba àwọn àmì wa. Ní 2007, Lancor gbé àjọ One Laptop Per Child lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, wọ́n ní àjọ náà lo iṣẹ́ àwọn láìgba àṣẹ. Mi ò wá dá ẹjọ́ níbí. Ohun tó wú mi lórí ni pé ẹnìkan ka ọ̀nà tí a ń gbà fi àmì sórí ọ̀rọ̀ sí dúkìá tó tó jà fún. Konyin fún àmì ohùn ní ara: ó ní bọ́tìnì tiẹ̀, ojú rí i, ọwọ́ kàn án. Àléébù ẹ̀ ni pé inú ike ni èrò náà ń gbé. Tí o bá wọ ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Ayétòrò, kíbọ́ọ̀dù tí o bá lórí tábìlì ni wàá lò. Láptọ́ọ̀pù náà, kíbọ́ọ̀dù ti wà lára ẹ̀ kó o tó rà á. Ẹni mélòó ló máa gbé kíbọ́ọ̀dù kejì dání nítorí àmì?

African Languages Technology Initiative tí Túndé Adégbọlà dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn gba ọ̀nà míì, bẹ́ẹ̀ náà ni Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní YorubaName. Àkójọ ni wọ́n yí padà, wọn ò fọwọ́ kan ike. Èyí tí YorubaName gbé jáde, ọ̀fẹ́ ni, èèyàn sì lè fi í sórí Windows tàbí Mac. Èmi ò mọ bí ǹ bá ṣe máa kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà láìsí irú iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe ràn wá lọ́wọ́ tó? Lórí Linux tí mò ń lò, tí mi ò bá ní àkójọ Yorùbá, tí mo fẹ́ tẹ ọ̀ kan ṣoṣo, màá di Ctrl àti Shift mú, màá tẹ U, màá tẹ 1ecd, màá tẹ àlàfo, kí ọ tó yọ. Màá tún ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú 0300 fún àmì orí ẹ̀. Tí a bá ka ìtẹ̀ inú "ọ̀rọ̀", ó jẹ́ 25. Pẹ̀lú àkójọ tí ọ ní bọ́tìnì tiẹ̀, tí àmì náà ní tiẹ̀, ó di 5.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ ni mo pe ara mi, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú irú ètò yìí, lẹ́tà lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. O tẹ lẹ́tà tán, o wá ń wá ohùn tí wàá fi lé e lórí. Fóònù ló tún burú jù: wàá tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀, wàá dúró, àpótí kékeré á yọ, ìwọ á máa ṣa àmì bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ta ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń pe "o" ná kó tó ronú ohùn tó máa fi pè é. Ohun tó bá sì wá lẹ́yìn, òun la máa ń fojú fò nígbà tí iná bá ń lọ. Bí mo ṣe pàdánù onígbà nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò mọ àmì ẹ̀. Mo ní màá padà wá ni.

Ibí yìí ni súwíìṣì olóòfà ti fẹ́ tàn mí. Ilé iṣẹ́ Wooting ti Netherlands ń ta kíbọ́ọ̀dù tó mọ bí bọ́tìnì ṣe jìn tó bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní, ìlérí Ọlọ́run ti ṣẹ! Ohùn mẹ́ta la ní, dò, rè, mí. Tí mo bá tẹ a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó jẹ́ ohùn kan. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé àárín, kó jẹ́ òmíràn. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, kó jẹ́ ẹ̀kẹta. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ yá mi ní tiẹ̀, mo sì kọ kóòdù fún un.

Kò ṣiṣẹ́, ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, mìlímítà 4 tí a bá pín sí mẹ́ta, kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ fún ohùn kọ̀ọ̀kan. Ìka tó ti rẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ mi ti di ohùn kan náà. Èkejì ló le jù: bọ́tìnì tó ń lọ kanlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá lókè àti láàárín. Kíbọ́ọ̀dù ò lè mọ̀ bóyá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lo ní lọ́kàn tàbí o ṣì ń bọ̀ nísàlẹ̀, àfi tí o bá gbé ìka kúrò. Nítorí náà, lẹ́tà á máa pẹ́ kó tó yọ. Èrò tó dùn létí ni, ọwọ́ ló kọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ dá kíbọ́ọ̀dù ọ̀rẹ́ mi padà nígbà tí mo lọ sí ìnáwó kan nílé. Mo dúró ti onílù kan, mò ń wo ọwọ́ ẹ̀. Ìyáàlù dùndún wà léjìká òsì ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń lu awọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń fún ọṣán. Ọwọ́ kan ń sọ pé "mo lù ú", ọwọ́ kejì ń sọ pé "ohùn báyìí ni", lẹ́ẹ̀kan náà. Onílù ò retí pé kí kọ̀ǹgọ́ mú ohùn wá nípa bó ṣe le tó. Ó ti pín iṣẹ́ náà sí ọwọ́ méjì. Àwọn baba wa ti ṣe ètò yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kíbọ́ọ̀dù, èmi ń wá a kiri nínú òòfà.

Ohun tí mo lọ ṣe kò ná mi ní kọ́bọ̀. Abẹ́ àtàǹpàkò méjèèjì, lápá òsì àti lápá ọ̀tún àlàfo, Alt méjì wà níbẹ̀. Mo sọ Alt òsì di ohùn ìsàlẹ̀, mo sọ Alt ọ̀tún di ohùn òkè. Tí mi ò bá tẹ ìkankan, ohùn àárín ni, bí ìwé wa ṣe máa ń fi í sílẹ̀ láìsí àmì. Àtàǹpàkò ń fún ọṣán, ìka ń lu awọ. Lẹ́tà márùn-ún sì wà lórí kíbọ́ọ̀dù tí Yorùbá ò lò: c, q, v, x, z. Mo sọ q di ẹ, mo sọ c di ọ, mo sọ x di ṣ. Caps Lock, tí mi ò lò fún nǹkan kan rí, ló ń gbé mi lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń gbé mi padà. "Ọ̀rọ̀" tó jẹ́ 25, tó di 5, ti di ìlù 3.

Ẹ rántí iwin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú lè kọ etí ikún sí bọ́tìnì kẹta, ṣùgbọ́n Alt, Ctrl àti Shift, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe wọ́n kí èèyàn lè tẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ nǹkan míì. Kódà nínú ohun tí wáyà USB ń gbé, àwọn bọ́tìnì mẹ́jọ bẹ́ẹ̀ ní àyè tiwọn lọ́tọ̀. Nítorí náà, kíbọ́ọ̀dù tó burú jù ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wé lè ṣe é.

Kì í ṣe pé kò ní àléébù. Nínú àwọn ètò kan, Alt pẹ̀lú lẹ́tà máa ń ṣí mẹ́nù, mo ní láti pa ìyẹn nígbà tí Yorùbá bá wà lójú iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà pàápàá ṣì ń ka ẹ́ sí nǹkan méjì: ẹ ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, àmì orí ẹ̀ ní tiẹ̀. Tí o bá pa á rẹ́, ó ṣeé ṣe kí àmì lọ kí ẹ ṣẹ́kù. Tí fọ́ǹtì ò bá dára, àmì á fò kúrò lórí lẹ́tà lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Mo sì ṣe àṣìṣe lọ́tùn-ún lósì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí àtàǹpàkò mi tó gbọ́ràn. Onílù náà ò kọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ kọ òwe yẹn láìsí àmì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí. Á bi yín léèrè pé ta ló ń wá Sokoto lọ sí sokoto. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé àmì jẹ́ ọ̀ṣọ́, tàbí iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ní ètò tó dára jù tèmi lọ, kó gbé e jáde. Ohun tí màá fi dán an wò ni pé: ṣé ohùn àti lẹ́tà jọ dé? Ṣé ẹni tí kò ní owó súwíìṣì tuntun lè lò ó lónìí?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún oríkì bàbá àgbà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ sí Joga-Orile, mo sì kà á fún màmá àgbà bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo dé ọmọ onígbà, wọ́n mi orí. Mo tẹ̀síwájú. Ní ìlà kẹta sí òpin, mo ka ọ̀kọ̀ tí àwọn baba wa gbé lọ sóko. Wọ́n ní kí n dúró.

"Kí lo pè é?"

"Ọ̀kọ̀, mà. Àwọn baba ńlá wa, ṣebí jagunjagun ni wọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ọkọ́ ni, ọmọ mi. Ọkọ́. Ta ló fẹ́ fi ọ̀kọ̀ kọ ebè?"

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Mo gbé àtàǹpàkò òsì kúrò, mo fi ti ọ̀tún tẹ̀ ẹ́.